Ìpéǹpéjú Kì Í Sọ Gẹ̀ẹ́sì

Mildura, Australia
9 Oṣù Kẹta, 1997

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Màmá Toakase,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti ilẹ̀ àjèjì. Ẹ kú ooru, ẹ kú àmójútó ilé. Bàbá mi ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi kí gbogbo ará Pangai, títí kan ẹlẹ́dẹ̀ yín ńlá yẹn tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Màmá, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: mo tún fìdí rẹmi. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì àjèjì ṣe níbí, mo yege nínú kíkà, mo yege nínú kíkọ, mo yege nínú gbígbọ́. Ti sísọ ló gbé mi ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé.

Ó ń dùn mí o. Èmi tí mo gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ní Pangai lónìí, níbí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn, mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Tó bá di pé kí wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní kí n bọ́ síta. Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ló máa ń wọlé, á máa gún apá arúgbó kiri bí ẹni ń gún iṣu wò nínú ìkòkò bóyá ó ti jinná. Èmi á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ á máa yún mi.

Ọsibítù ìlú yìí ti fi àyè kan sílẹ̀ dè mí. Tí mo bá yege kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí, mo di nọ́ọ̀sì wọn. Tí n kò bá yege, físà mi tán nìyẹn, kí n máa bọ̀ nílé. Oṣù Kẹjọ ni ìdánwò ìkẹta. Kò sí ìkẹrin.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo Lifuka ní Gẹ̀ẹ́sì títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní àwọn ọ̀rọ̀ wọn tó jọra bí ìbejì, tí ènìyàn kì í mọ èwo ni Táíwò, èwo ni Kẹ́hìndé. Mo rò pé àwọn ni wọ́n ń ṣe mí báyìí. Ẹ má sọ fún Bàbá.

Èmi ọmọ yín,
Loseli


Pangai, Lifuka, Tonga
28 Oṣù Kẹta, 1997

Loseli ọmọ àbúrò mi,

A wà. Orúnkún bàbá rẹ wà níbi tó o fi í sí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rìn. Ẹlẹ́dẹ̀ mi ní kí n kí ọ.

O ní kí n má sọ fún bàbá rẹ. Ó ti pẹ́ jù. Sókè ni mo ti ń ka lẹ́tà rẹ kí n tó dé ibi tó o ti sọ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú mi, àti pásítọ̀, àti ìyá oníbúrẹ́dì. Nígbà míì, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni kó o máa kọ àṣírí sí.

Ẹ̀ẹ̀kejì! Ìwọ! Nínú sísọ! Ìwọ tó jẹ́ pé nígbà tó o wà ní kékeré, ìrèké la máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ilé lè sinmi. Ta ló gbé ahọ́n rẹ? Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, kó yáa dá a padà.

Ó dáa. Na ẹ̀yìn rẹ, jókòó dáadáa, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Borrow àti lend. Nílé wa, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń yá ènìyàn ní nǹkan, òun náà la fi ń yá nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Òyìnbó ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó na ọwọ́ gbà á ló borrow, ẹni tó na ọwọ́ gbé e sílẹ̀ ló lend. Àpẹẹrẹ: pásítọ̀ wa borrow àkàbà mi nígbà Kérésì. Èmi òmùgọ̀ ni mo lend án. Títí di òní, n kò fojú kan àkàbà.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ steal àti rob. Nǹkan ni wọ́n ń steal, ènìyàn ni wọ́n ń rob. Bí pásítọ̀ ṣe steal àkàbà, èmi ló rob. Má ṣe kọ ọ́ lódì, nítorí àkàbà kọ́ ni inú ń bí.

Fewer àti less. Ohun tó ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan ni ti fewer, ohun tí kò ṣeé kà ni ti less. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ti di fewer, ṣùgbọ́n ariwo orí àga ìwàásù kò tíì di less.

Ṣe gbólóhùn lórí gbogbo wọn, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni bíró pupa mi ti ń ṣàárẹ̀ nítorí àìríṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Tó o bá tún fìdí rẹmi, ilé lò ń bọ̀, Sitani oníbúrẹ́dì ni wàá sì fẹ́. Ó nílé onípákó, ó ní kẹ̀kẹ́, ó sì ṣì ní eyín díẹ̀ níwájú. O mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni obìnrin jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá ti lanu sọ ọ́, bàbá rẹ ò lè yí i padà, ìyá rẹ ò lè yí i padà, pásítọ̀ tó gbé àkàbà mi ò gbọdọ̀ dá sí i.

Èmi ni,
Toakase


Mildura
17 Oṣù Kẹrin, 1997

Màmá Toakase, ọ̀gá àgbà,

Mo kí yín, mo kí bíró pupa. Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí débi pé mo da tíì sí itan mi. Àkàbà yìí náà ni mo kìlọ̀ fún yín nínú lẹ́tà nígbà Kérésì pé ẹ má gbé e sílẹ̀!

Iṣẹ́ yín rèé. Sitani fẹ́ borrow ìyàwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lend án. Kò sẹ́ni tó lè steal ẹ̀rín Sitani, nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa rí mú níbẹ̀. Eyín Sitani ti fewer ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, ìrètí rẹ̀ lórí mi sì less ju eyín rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀.

Mo ti rí ẹni tí à ń jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá arúgbó kan ni, Màmá Pridham, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ pátápátá. Tí mo bá ń wẹ̀ fún un, mo máa ń ka ẹ̀kọ́ yín sí i létí. Ó ti di aṣojú yín níbí. Àràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, “Ṣé ọkùnrin Ọlọ́run yẹn ti dá àkàbà padà?” Ó ní ká ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ń bá mi rò. Gbogbo ìgbà ni yóò máa pariwo, “Loseli! Ṣé o wà níbẹ̀? Mo bi ọ́ ní nǹkan, o dákẹ́!” Bẹ́ẹ̀, mo ń dá a lóhùn o. Mo rò pé etí rẹ̀ náà ti fẹ́ bá ojú lọ.

Ẹ tún fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Mo ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Loseli yín


Pangai
12 Oṣù Karùn-ún, 1997

Loseli,

O gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Mo yọ ọ̀kan nítorí àrífín. Mo ka gbólóhùn rẹ fún ìyá Sitani, ó ní Ọlọ́run á dá ọ lẹ́jọ́. Mo ní ìdánwò òyìnbó ló máa kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́ ná.

Bá mi kí Màmá Pridham. Sọ fún un pé àkàbà ò tíì dé, ṣùgbọ́n mo rí pásítọ̀ lórí òrùlé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, n kò sì rò pé ìyẹ́ ló fi gòkè.

Ẹ̀kọ́ òní: rise àti raise. Ohun tó ń gòkè fúnra rẹ̀ ló ń rise. Èyí tí ẹnìkan gbé sókè, ẹni náà ló raise é. Oòrùn máa ń rise láràárọ̀. Bàbá rẹ kì í rise rárá àfi tí mo bá raise ohùn mi. Kọ ọ́ sí orí ògiri ibi tó o ti ń wẹ̀.

Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Tàbí kí ó bà ọ́, ṣùgbọ́n kó o máa sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú mi ya wèrè fún ogún ọdún kò gbọdọ̀ wá dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Kọ̀wé kíákíá.

Toakase


Pangai
20 Oṣù Kẹfà, 1997

Loseli,

Kí ló dé? Ọkọ̀ òfurufú ń bà, ó ń gbéra, kò gbé lẹ́tà rẹ wá. Siaosi tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ń sá wọ abẹ́ tábìlì tó bá ti rí mi lókèèrè, bí ẹni pé òun ló jẹ ẹ́.

Ṣé o ti kú ni? Tó o bá ti kú, kọ ọ́ sí mi kí n mọ̀.

Ṣé gbólóhùn tí mo fi Sitani dẹ́rù bà ọ́ ni? Sitani ti ra ṣòkòtò tuntun, ìyẹn ò kàn ọ́, jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́ lọ sóko. Mo sọ ọ́ pé kí o lè mú ìwé le ni. Bàbá rẹ ti ń rìn dé etí òkun ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, yóò kàn máa wo omi. N kò bínú sí ọ mọ́. Kọ ìlà kan, kó má tiẹ̀ ní kọ́mà nínú. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Toakase


Mildura
5 Oṣù Keje, 1997

Màmá mi,

Ẹ má bínú. N kò kú. Ojú ló tì mí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Olùkọ́ kan wà ní ilé ìkàwé níbí tó máa ń ran àwọn àjèjì lọ́wọ́. Ó ní ká ṣe ìdánwò sísọ fi dánra wò, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sáàárín wa. Nígbà tá a ṣe tán, ó yí i padà, ó ní kí n gbọ́ ara mi. Màmá, n kò gbọ́ ara mi. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́: “Ṣé o fẹ́ràn Mildura?” Lẹ́yìn náà, aago ògiri: kẹ́, kẹ́, kẹ́. “Ṣé iṣẹ́ rẹ dùn mọ́ ọ?” Kẹ́, kẹ́, kẹ́. “Loseli, ṣé ìbéèrè mi yé ọ báyìí?” Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní ìtìjú ń dà mí láàmú. Mo sunkún délé. Mo ní ó tán, ẹ̀rù ti jẹ ẹnu mi lójú ara mi tí n kò sì mọ̀. Mo di ìwé mi sínú àpótí. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá Sitani ò burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìjẹta, mo ń ya irun Màmá Pridham. Ó ní, “Loseli, ṣé inú rẹ ò dùn ni?” Mo dá a lóhùn. Ó tún ní, “Ṣé o gbọ́ mi?” Mo dá a lóhùn. Inú bí i. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó di ojú mi mú, gbogbo ìka rẹ̀ wà ní iwájú orí mi. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ fẹ́ràn mi?”

Irun ìpéǹpéjú mi gòkè lábẹ́ ìka rẹ̀.

Ó ní, “Kí lò ń ṣe yẹn?”

Mo ní, “Mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta lò ń sọ ọ́ fún?”

Màmá, mo dúró gbagidi, kóòmù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Ẹnìkan bi ọ́ léèrè, o gbé ìpéǹpéjú sókè fìrí, bẹ́ẹ̀ ni lo wí yẹn, ó ti parí. Ta ló ń fi ẹnu ṣòfò lórí bẹ́ẹ̀ ni? Ohun tí mo ń ṣe fún afọ́jú láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Ohun tí mo ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn! Mo wá rántí ọkùnrin tó dán mi wò lẹ́ẹ̀kejì. “Ṣé láti Tonga lo ti wá?” Mo gbé e sókè. Ó tún bi mí, ó rọra ń pe ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà tún gbé e ga sí i, mo ní bóyá kò rí i dáadáa ni. Bá a ṣe wà nìyẹn títí àkókò fi tán.

Borrow kọ́, lend kọ́. Màmá Pridham rẹ́rìn-ín títí a fi gbé omi fún un. Ó ní láti òní lọ, tí òun ò bá ti gbọ́ ohùn mi, òun ò ní jẹ́ kí n wẹ̀ fún òun.

Ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú mi kò tíì dáwọ́ dúró. Mo ń ṣọ́ ọ, kò gbọ́. Kí n tó ní kí n lanu, ó ti gòkè. Kí ni mo máa ṣe? Ìdánwò ku oṣù kan.

Loseli


Pangai
21 Oṣù Keje, 1997

Loseli ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o wà láàyè. Mo sì fẹ́ nà ọ́.

Mo kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ní kí n ṣọ́ àwọn ènìyàn wò. Mo bi bàbá rẹ bóyá ó ti jẹun: ìpéǹpéjú. Mo bi Siaosi bóyá lẹ́tà wà: ìpéǹpéjú. Mo bi pásítọ̀ ní gbangba bóyá àkàbà mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀: ìpéǹpéjú, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ! Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ láìlanu. Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, iwájú orí ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Nítorí náà, òfin ti délẹ̀ nílé mi. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìpéǹpéjú sókè lábẹ́ òrùlé yìí kò ní jẹun alẹ́, ìbáà jẹ́ ọba. Títí wàá fi yege ni. Mo ní tí ìwọ bá ń jìyà rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwa náà á jọ jẹ ẹ́. Bàbá rẹ ti fi ebi sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní alẹ́ ìkejì, mo bi í bóyá ó ti kọ́gbọ́n, ó tún gbé e sókè.

Tìrẹ rèé. Lọ ra pílásítà, èyí tó lágbára. Fi ọ̀kan lẹ irun ìpéǹpéjú ọ̀tún mọ́ iwájú orí, fi ọ̀kan lẹ ti òsì. Tó bá ti fẹ́ gòkè, yóò fa irun, yóò dùn ọ́, wàá rántí pé o lẹ́nu. Má wò ó pé o burẹ́wà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìyàwó.

Gbọ́ o, Loseli. Mo ti fi Sitani ṣeré tó. Òótọ́ tó wà nínú mi ni pé n kò fẹ́ kí o bọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ, mo ń ṣàárò rẹ, n kò sì fẹ́ kí o bọ̀. Mo fẹ́ kí o wọ inú yàrá yẹn, kí wọ́n má sọ fún ọ mọ́ pé kí o bọ́ síta.

Toakase


Mildura
2 Oṣù Kẹsàn-án, 1997

Màmá Toakase,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ di nǹkan mú.

Mo lẹ pílásítà náà. Ọmọ kan nínú bọ́ọ̀sì bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n lù mí ni. Mo wọlé ìdánwò, obìnrin àgbà kan ló jókòó síbẹ̀, ó wọ awò ojú, ó tẹ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Ṣé láti Tonga lo ti wá?”

Ó gòkè! Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì gòkè! Pílásítà já irun mi gbà, mo ké, “Yéè! Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Bẹ́ẹ̀ ni! Láti Tonga ni!” Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ó ní, “Jọ̀wọ́, kí ló ṣe ọ́ níwájú orí?”

Màmá, mo sọ ọ́ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí Màmá Pridham, mo lọ sórí aago ògiri, mo dé Pangai, mo sọ òfin oúnjẹ alẹ́ yín, mo sọ ti bàbá mi. Mo sọ ti àkàbà. Mo fi borrow síbi tó yẹ, mo fi lend síbi tó yẹ, mo wí fún un pé àkàbà ni wọ́n steal, ẹ̀yin ni wọ́n rob. Obìnrin yẹn bọ́ awò ojú, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Ó ní àsìkò ti tán, mo ní ó ku ti Sitani. Òun ló bẹ̀ mí kí n dákẹ́. N kò mọ ẹni tó tíì bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìrèké.

Èsì dé lónìí. Màmá Pridham ló ní kí n já a létí òun. Mo kà á sókè fún un.

Mo yege. Sísọ ló ga jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi dì mọ́ Bàbá. Ẹ jẹ́ kó jẹun.

Loseli yín


Pangai
19 Oṣù Kẹsàn-án, 1997

Nọ́ọ̀sì Loseli,

N kò jókòó. Ilé ìfìwéránṣẹ́ gan-an ni mo ti já lẹ́tà rẹ, lórí ìdúró. O rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tá a ń dúró dè? Siaosi gbé òǹtẹ̀ dúró lókè. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ìyá Sitani wà níbẹ̀, Sitani wà níbẹ̀ nínú ṣòkòtò tuntun. Bàbá rẹ di apá mi mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ náà yege?”

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Loseli, èmi tí mo fi ẹnu jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mo lanu, kò sí ohùn. Omijé nìkan ló jáde. Mo wá rí i tí ojú bàbá rẹ yí padà, mo rí i tí Siaosi hó yè, mo sì mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìpéǹpéjú mi méjèèjì ti gòkè lọ bá irun orí mi. N kò raise wọn o. Fúnra wọn ni wọ́n rise.

Igbe tí wọ́n ké, mo rò pé ìwọ náà gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ gbàgbé orúnkún, ó jó délé. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n mú ẹlẹ́dẹ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Wọ́n rì í mọ́ inú ilẹ̀ pẹ̀lú òkúta gbígbóná títí ó fi jinná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo Lifuka. Pásítọ̀ gbé àkàbà wá láti fi so fìtílà mọ́ igi máńgòrò. Ẹsẹ̀ kan ti dá lára rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ fún mi, ibi tó lọ́ràá jù. Mo na ọwọ́. Bàbá rẹ fa àwo náà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìlú rí yín ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Òfin ni òfin.” Mo ní abẹ́ òrùlé mi ni mo fi òfin sí. Ó ní òun ti fi ebi sùn lẹ́ẹ̀mejì, òun ò bá mi ka òrùlé.

Gbogbo Pangai jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mi lójú mi. Ìyá Sitani bu ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bi mí bóyá inú mi dùn. Mo la ẹnu mi dáadáa, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo wọlé, mo sùn láìjẹun, mo sì ń rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Toakase